Dókítà Awọ àti Jákẹ́ẹ̀tì Ìyá Agbẹ̀bí

Síìpù náà yọ̀ lọ sókè láìhá. Ibẹ̀ ni télọ̀ ti mọ̀ pé wọ́n ti ja òun lólè.

Ó fà á wálẹ̀, ó tún fà á sókè. Kò há. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tí síìpù jákẹ́ẹ̀tì awọ ìyàwó rẹ̀ ti máa ń há ní déédéé àyà, tí èèyàn á fi ìka gbá a lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló rán síìpù ọ̀hún sí i ní àárọ̀ ọjọ́ tí ti àkọ́kọ́ já. Ara àpò ìrìn-àjò kan ló ti tú u, torí pé òun ló wà nítòsí, ìyàwó rẹ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ pé, "Ẹ ṣe kíá, ọmọ kì í dúró de síìpù o!"

Síìpù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, idẹ ni. Ó ń dán, eyín rẹ̀ sì pé bí eyín ọmọge tó ń ya fọ́tò. Awọ dúdú náà jọ ti ìyàwó rẹ̀. Ìgbànú ìbàdí rẹ̀ jọ ọ́, àpò àyà tó dàgẹ̀rẹ́ jọ ọ́. Jákẹ́ẹ̀tì rere ni. Kì í ṣe ti ìyàwó rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin yọjú láti yàrá. "Bàámi, ṣé wọ́n ti dá a padà?"

"Wọ́n dá nǹkan padà."

"Nǹkan bíi ti báwo?"

Télọ̀ ń wo páálí tí jákẹ́ẹ̀tì náà bá dé, àti ìwé ẹ̀rí olóǹtẹ̀ pupa mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀.

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìyàwó télọ̀ sí Ìyá Agbẹ̀bí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi gun alùpùpù kiri láti gbẹ̀bí, nínú òjò, nínú eruku, nínú jákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ó ti di oṣù mẹ́sàn-án tó ti kú. Ọmọ rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ náà yọrí. Ní Mọ́ńdè ni yóò jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí alùpùpù ìyá rẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ láìfi bọpobọyọ̀ pé bí òun kò bá wọ jákẹ́ẹ̀tì ìyá òun, òun kò ní jáde. Ọjọ́bọ̀ nìyí.

Àríyànjiyàn ló gbé jákẹ́ẹ̀tì náà kúrò nílé. Ilé-ìtajà kan wà láyé ìgbà náà tí kò ní ṣọ́ọ̀bù rárá. Inú kátálọ́ọ̀gì ló ti ń tajà. Ìwé ńlá aláwòrán náà á dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, oníkálukú á yẹ̀ ẹ́ wò, á kọ nọ́ńbà ohun tó wù ú ránṣẹ́, ọjà á sì bá ilé ìfìwéránṣẹ́ dé nínú páálí. Ẹṣin ni àmì wọn, nítorí náà Ilé Ẹlẹ́ṣin ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Ìyá Agbẹ̀bí ní òun ti ra jákẹ́ẹ̀tì òun lọ́dọ̀ wọn kí òun tó mojú télọ̀. Télọ̀ ní irọ́ ni, ìṣojú òun ni páálí náà dé, ọ̀bẹ òun ni wọ́n fi ya á. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi fà á. Lébẹ́ẹ̀lì ọrùn rẹ̀ ìbá ti là wọ́n níjà, ṣùgbọ́n òógùn ti jẹ ẹṣin orí rẹ̀ tán, ó ku ìrù. Ikú wá mú ẹnì kan lọ nínú wọn, ẹjọ́ ò sì tíì parí.

Télọ̀ kì í fi ẹjọ́ sílẹ̀. Nígbà tó rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lójú pópó, "MỌ ỌJỌ́ ORÍ JÁKẸ́Ẹ̀TÌ AWỌ RẸ, Ọ̀FẸ́ NI, DÓKÍTÀ AWỌ," ó mú jákẹ́ẹ̀tì náà, ó lọ.

Ọkùnrin onírùngbọ̀n gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kan ló bá níbẹ̀, nínú aṣọ funfun dókítà, ó sì ro gbogbo àríyànjiyàn náà fún un. Dókítà Awọ tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì náà sórí ibùsùn, ó fi okùn tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà aláìsàn sí i lẹ́yìn, ó ní kó mí. Ó tẹ́tí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí télọ̀.

"Bàbá wa, kí lẹ fẹ́ kó jẹ́? Ṣáájú ìgbéyàwó ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Lẹ́yìn rẹ̀ ni."

"Èmi náà gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn lọ́dọ̀ mi fún ọjọ́ mẹ́rin."

Ìwé ẹ̀rí tó wà nínú páálí lónìí sọ pé lẹ́yìn ìgbéyàwó ni. Télọ̀ ti jàre. Ó ti ń gbìyànjú àtirẹ́rìn-ín nígbà tó fa síìpù.

*

Sájẹ́ǹtì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá, obìnrin ẹni ogójì ọdún tí kì í sábà gbójú sókè, ṣí ìwé ńlá iwájú rẹ̀.

"Bàbá, kí ni wọ́n jí?"

"Jákẹ́ẹ̀tì."

"Kí lẹ gbé lọ́wọ́ yẹn?"

"Jákẹ́ẹ̀tì."

Ó gbé kálàmù sílẹ̀. "Ó jí jákẹ́ẹ̀tì, ó sì fún yín ní jákẹ́ẹ̀tì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èwo ló dára jù nínú méjèèjì?"

Télọ̀ kì í purọ́. "Èyí."

"Síìpù tiyín ńkọ́?"

"Ó bàjẹ́."

"Síìpù ti èyí ńkọ́?"

"Ó dára gan-an ni."

"Bàbá, tí mo bá gbọ́ yín yé, ẹ fẹ́ kí n lọ mú ọkùnrin kan torí pé ó ṣe yín lóore."

Kọ́ńsítébù méjì tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ dúró títí wọ́n fi rín in tán. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ apá jákẹ́ẹ̀tì náà sórí ìwé Sájẹ́ǹtì.

"Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mo ti ń ránṣọ. Aṣọ a máa sọ bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe rí. Ẹ ká apá yín."

Sájẹ́ǹtì ká apá rẹ̀.

"Ẹ rí i pé inú ìgunpá ni aṣọ yín ti ká jọ, níwájú. Ó yá, ẹ wo èyí. Ẹ̀yìn ló ti ká. Apá méjèèjì. Ẹni tó wọ jákẹ́ẹ̀tì yìí gbó, ìgunpá rẹ̀ ń ká sẹ́yìn."

Ẹ̀rín dá. Kọ́ńsítébù kan gbìyànjú láti ká apá tirẹ̀ sẹ́yìn, ó dun ún, ó jáwọ́. Sájẹ́ǹtì tẹ jákẹ́ẹ̀tì náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fọwọ́ bo imú.

"Ta ni ìgunpá rẹ̀ ń ká sẹ́yìn?"

"Èmi ò mọ̀. Ẹ̀yin ni ọlọ́pàá."

Ó mú kálàmù padà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní lẹ́tà gbàgàdà: *Ẹni tí à ń wá: ìgunpá ń ká sẹ́yìn.* Lẹ́yìn náà ló gbé ìwé ẹ̀rí olóǹtẹ̀ pupa náà sókè.

"Ohun kan rèé o, Bàbá. Bí mo bá fi hàn pé òpùrọ́ ni ọkùnrin yìí, irọ́ ni ìwé yìí náà. Ẹ ò tún jàre ìyàwó yín mọ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì fẹ́ kí n lọ?"

"Mọ́ńdè ni ọmọ mi ń jáde," ni télọ̀ wí.

*

Òkè ṣọ́ọ̀bù atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan ni Dókítà Awọ háyà. Ní àárọ̀ Ẹtì, Sájẹ́ǹtì àti télọ̀ gun àkàsọ̀ igi tóóró. Sájẹ́ǹtì kanlẹ̀kùn.

"Ta ni?" ni ohùn kan wí nínú ilé.

"Ọlọ́pàá."

"Dókítà ò sí nílé."

"Ìwọ ta ni?"

Nǹkan kan já lulẹ̀ nínú yàrá, fèrèsé kan sì dún gbàgà. Sájẹ́ǹtì fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Kò tiẹ̀ tì. Wọ́n bá kẹ́tùlù tó ń hó lórí sítóòfù, wọ́n bá fèrèsé ní ṣíṣí, wọ́n bá aṣọ tí wọ́n so kọ́ra tó gùn dé orí páànù ilé kejì. Lórí ìṣó lára ògiri ni aṣọ funfun dókítà wà, okùn tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà wà níbẹ̀, irùngbọ̀n sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n fi píìnì mú un bí aṣọ tí wọ́n sá.

"Ó fi irùngbọ̀n sílẹ̀ lọ," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ojú tí ẹ mọ̀ wà lórí ìṣó, Bàbá. A ò mọ ojú tó gbé lọ."

Télọ̀ ti wà ní yàrá kejì. Báàfù kan kún fún tíì tútù dé ẹnu, apá jákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin léfòó lórí rẹ̀ bí ẹni tó rì sódò. Wọ́n kan òmíràn mọ́ ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí èèyàn lè máa nu bàtà sí i. Lórí tábìlì, agolo mílíìkì kún fún síìpù àtijọ́, agolo kejì kún fún lébẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́ṣin, tuntun fínnífínní, wọ́n to wọ́n lọ́dọọdún. Télọ̀ da agolo síìpù sórí tábìlì. Ó fi ìka wá a. Ó rí síìpù àpò ìrìn-àjò kan tí eyín méjì wọ́ lára rẹ̀. Ó dì í sínú áńkáṣíìfù, ó gbé e fún Sájẹ́ǹtì.

"Èyí ni tèmi. Ó ti tú u."

"Jákẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí níbí."

Nǹkan kan ké mẹ̀ẹ̀ẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Lábẹ́ igi kan, tí wọ́n fi okùn so mọ́ òpó, ewúrẹ́ kan dúró nínú jákẹ́ẹ̀tì awọ. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì wà nínú apá jákẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n fa síìpù rẹ̀ dé ọrùn. Ó ń jẹ kọ́là ọrùn jákẹ́ẹ̀tì náà. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe jókòó sí tòsí, ó ń lẹ táyà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ ewúrẹ́ náà mú, ó ká a. Sẹ́yìn ló ká sí.

"A ti rí i," ni ó wí.

Ó dojú kọ atúnkẹ̀kẹ́ṣe. "Ta ló ni ewúrẹ́ yìí?"

"Èmi ni."

"Ta ló ní kó wọ jákẹ́ẹ̀tì?"

"Dókítà ni. Ó ní bí ewúrẹ́ bá fi jákẹ́ẹ̀tì rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á gbó bíi ti ẹni tó fi gun alùpùpù fún ogún ọdún."

"Ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀?"

"Ewúrẹ́ náà ò ṣàìsàn, mà. Ara rẹ̀ kàn ń gbóná."

"Ibo ni Dókítà sá lọ?"

"Mi ò mọ̀ o. Ṣùgbọ́n lọ́la ló ní ìpàdé. Kì í pa á jẹ. Ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀gá Alùpùpù ni, ní gbọ̀ngàn orí òkè. Ó ní òun ti ta jákẹ́ẹ̀tì obìnrin kan fún alága wọn, èyí tí irú rẹ̀ ò sí mọ́ láyé."

Télọ̀ di òpó mú.

*

Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀gá Alùpùpù ní ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́tàlélógún àti alùpùpù kan. Alùpùpù náà wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n nù ún tó ń dán bíi dígí. Ẹńjìnnì rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti ọdún mẹ́fà. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni láti mọ ọjọ́ orí jákẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí tirẹ̀ bá pẹ́ jù lọ ni wọ́n ń fi joyè alága. Òfin wọn sì ni pé láti ìgbà tí ìpàdé bá ti bẹ̀rẹ̀ títí tó fi parí, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ wọṣọ bí ẹni tó ń gun alùpùpù lọ́wọ́: jákẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀wọ́, akoto, gọ́gùsì lójú. Fáànù kan ló wà nínú gbọ̀ngàn náà.

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni Sájẹ́ǹtì wọlé pẹ̀lú télọ̀. Akoto mẹ́tàlélógún yíjú sí wọn.

"Dókítà Awọ, dìde!"

Kò sẹ́ni tó dìde. Òógùn ń kán tó, tó, tó sórí símẹ́ńtì.

"Arábìnrin," ni ohùn kan wí lórí àga iwájú, "ìpàdé ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á nawọ́."

Alága ni. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, ó sì ti fi ipá wọ jákẹ́ẹ̀tì obìnrin kan tó há mọ́ ọn bí ìgbà tí wọ́n ki iṣu sínú ìbọ̀sẹ̀. Apá rẹ̀ méjèèjì nà sí ẹ̀gbẹ́, kò lè sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Télọ̀ wo ìgbànú ìbàdí. Ó wo ibi tí àpò àyà ti ṣá díẹ̀, níbi tí Ìyá Agbẹ̀bí máa ń ki aago ọwọ́ rẹ̀ sí.

"Òun nìyẹn," ni ó wí jẹ́jẹ́.

"Ọlọ́ṣà náà ńkọ́?"

"Ọ̀kan nínú wọn ni."

Sájẹ́ǹtì nawọ́. Alága fún un láyè.

"Ẹ ṣí akoto yín."

"Òfin ẹgbẹ́ ò gbà á," ni Alága wí. "Abala kẹrin. A ò ní ṣí i títí ìpàdé á fi parí."

"Ìgbà wo ló ń parí?"

"Tí ẹni tó kẹ́yìn bá ti dákú."

Sájẹ́ǹtì wo télọ̀. Télọ̀ ti ń wo àyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ní kí wọ́n fa síìpù wọn wálẹ̀," ni ó wí. "Síìpù àtijọ́ tí wọ́n rán sára awọ tí wọ́n sè nínú tíì, kò ní yọ̀. Ẹni tó ń ta á fún wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ní wọ ọjà ara rẹ̀."

Abala kẹrin kò sọ nǹkan kan nípa síìpù. Ọkùnrin mẹ́tàlélógún di síìpù wọn mú, wọ́n fà á. Ìmí ẹ̀dùn sọ. Ẹnì kan ní òun ti wà nínú tòun láti oṣù Kejì. Ní ìlà ẹ̀yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, síìpù kan ṣoṣo sọ̀ kalẹ̀ wọ̀ọ̀ọ̀.

Gbogbo akoto yíjú sẹ́yìn.

Ọkùnrin náà ò dúró kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fò sórí alùpùpù ẹgbẹ́, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Ojú ọ̀nà dàgẹ̀rẹ́ láti orí òkè náà lọ tààrà. Alùpùpù aláìlẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí yí.

"Dúró!" ni Sájẹ́ǹtì kígbe.

"Kò ní bíréèkì!" ni ọlọ́ṣà dáhùn. Ó dùn ún lóòótọ́.

Ó ń yára sí i. Ó kọjá lára obìnrin tó ń sá aṣọ, ó kọjá láàárín àwọn tó ń ta ayò, ó dọ̀bálẹ̀ mọ́ orí táńkì bí ẹni tó ń díje. Kọ́ńsítébù méjì tó bá Sájẹ́ǹtì wá ń sáré lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ṣubú. Àwọn Ọ̀gá Alùpùpù jáde síta, wọ́n ń wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa rí ẹni tó gun alùpùpù wọn. Àwọn kan pàtẹ́wọ́.

Sájẹ́ǹtì ò sáré. Ó gbé ọwọ́ síwájú orí, ó wo ojú ọ̀nà náà títí dé òpin. Lẹ́yìn ìsàlẹ̀, ọ̀nà náà tún pọ́nkè.

Ó rọra rìn sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá gọ́tà.

Alùpùpù náà dé ìsàlẹ̀, eré gbé e gun òkè kejì. Eré rẹ̀ dínkù. Ó dúró ní àárín òkè náà fún ìgbà tí èèyàn lè ka ení, èjì. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀yìn rìn. Ọlọ́ṣà ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tó o. Ó fi ẹ̀yìn bọ̀, bọ̀, bọ̀, títí ó fi dúró níwájú Sájẹ́ǹtì.

"Ẹ káàbọ̀, Dókítà," ni Sájẹ́ǹtì wí, ó kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ṣí akoto rẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, tí kò ní irun kan lágbọ̀n. Iṣẹ́ fífọ fèrèsé ló ń ṣe nígbà kan rí. Wọ́n mú u jókòó kọjú sí Alága, tí kò tíì lè bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, tó sì mú akọ̀wé ẹgbẹ́ wá pẹ̀lú kátálọ́ọ̀gì Ilé Ẹlẹ́ṣin ọdún méjìlá nínú àpò ìrẹsì.

"Mi ò jalè," ni ọlọ́ṣà wí. "Mo gba èyí tó bàjẹ́, mo dá èyí tó dára padà. Ẹ bi bàbá yìí."

"Ewúrẹ́ lo fún un."

"Ewúrẹ́ tó mọ́ ni, mà."

Alága fi ọwọ́ lu tábìlì, ìyẹn ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé. "Tèmi ni jákẹ́ẹ̀tì yìí! Mo ní ìwé ẹ̀rí. Ọdún àkọ́kọ́ Ilé Ẹlẹ́ṣin ni. Lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ rèé, ẹṣin tó dúró wámúwámú. Síìpù idẹ rẹ̀ rèé, ó bá kátálọ́ọ̀gì mu. Síìpù àpò ìrìn-àjò ni bàbá yìí ní tòun ní. Ṣé ó wà lára èyí?"

Sájẹ́ǹtì wo télọ̀. "Òótọ́ ló sọ, Bàbá. Kí lẹ fi mọ̀ pé tiyín ni?"

"Ẹ kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án," ni télọ̀ wí. "Bí a bá tú òwú lára aṣọ, ihò abẹ́rẹ́ á dí. Tara awọ kì í dí. Ẹ tú síìpù idẹ yẹn. Ẹ máa rí ihò mi lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń ránṣọ, wọ́n á dagun sí apá ọ̀tún. Ní déédéé àyà, mọ́kànlá máa fún mọ́ra wọn."

"Kí ló dé tí wọ́n fún mọ́ra?"

"Ìyàwó mi ń pariwo mọ́ mi lórí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

Sájẹ́ǹtì kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ́ńsítébù fa ọ̀bẹ yọ láti fi gé Alága jáde. "Ẹ má gé e!" ni télọ̀ wí, ìgbà àkọ́kọ́ tó gbóhùn sókè láti Ọjọ́bọ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun wá àbẹ́là. Ó fi í ra eyín síìpù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní kí Alága mí síta, kó má mí sínú mọ́. Síìpù náà gbà. Alága yọ jáde bí ẹ̀wà nínú èèpo, ó sì mí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Wọ́n tú síìpù idẹ náà. Sájẹ́ǹtì gbé etí awọ náà sí ojú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ gba inú àwọn ihò kéékèèké náà wọlé. Ó kà á, ó tún un kà.

"Mọ́kànlá," ni ó wí.

Ọlọ́ṣà sorí kọ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ń yẹ ọrùn jákẹ́ẹ̀tì náà wò, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. "Ẹ dákun o, lébẹ́ẹ̀lì tuntun yìí kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ wo ihò ti àtijọ́ tó yí i ká. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n rán." Ó ṣí kátálọ́ọ̀gì kan, ó ṣí òmíràn. "Nígbà tí ẹṣin wọn ṣì dúró, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ń rán. Nígbà tí wọ́n wá ya ẹṣin náà pé ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rán. Ọdún tí ẹṣin gbẹ́sẹ̀ rèé. Bàbá, ọdún wo lẹ gbéyàwó?"

Télọ̀ sọ ọ́.

"Ọdún méjì lẹ́yìn tí ẹṣin ti gbẹ́sẹ̀. Ìgbà wo lẹ mọ ìyàwó yín?"

"Oṣù méje ṣáájú ìgbéyàwó."

Ọlọ́ṣà gbójú sókè. "Bàbá wa," ni ó wí, "mo mọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ gbé e wá. Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ pé lẹ́yìn ìgbéyàwó ni."

"Dákẹ́ ẹnu ẹ," ni Sájẹ́ǹtì wí. Ó dẹ ohùn. "Bàbá, kí n tó lè dá a padà fún yín, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé pé jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rí yìí ti wà lọ́wọ́ ìyàwó yín kí ẹ tó mọ̀ ọ́n. Ẹ máa fọwọ́ sí i. Ṣé kí n kọ ọ́ pé òun ló jàre?"

Télọ̀ ń rántí ọ̀bẹ àti páálí, ìyàwó rẹ̀ tó tẹ̀ síwájú láti wo inú rẹ̀.

"Bàtà ni," ni ó wí nígbẹ̀yìn.

"Ẹ ní kí ni?"

"Bàtà ló wà nínú páálí tí mo ya. Kọ ọ́ sílẹ̀. Òun ló jàre."

Ó fi ọwọ́ òsì fọwọ́ sí i.

Dókítà Awọ jẹ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Jákẹ́ẹ̀tì mẹ́rìndínlógún ló ti gbà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ mọ ọjọ́ orí wọn, ewúrẹ́ mẹ́rìndínlógún ló ti dá padà, ìyẹn ni pé ewúrẹ́ kan náà ni. Ní Ọjọ́ Àìkú, àwọn tó ni wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà àgọ́: amójútó ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, àbúrò àwakọ̀ kan tó ti kú, ìyá àgbà tó kó tirẹ̀ mọ́yà tó ní òun ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Àwọn Ọ̀gá Alùpùpù bọ́ tiwọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, télọ̀ ń fi àbẹ́là bá wọn ṣí i. Ẹni tó ti wà nínú tirẹ̀ láti oṣù Kejì sunkún. Alága kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Wọ́n fi akọ̀wé joyè alága, ó sì kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n lọ gba ẹńjìnnì.

*

Ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Mọ́ńdè, ọmọ télọ̀ wọ jákẹ́ẹ̀tì náà níwájú ilé, síìpù àpò ìrìn-àjò ti padà sára rẹ̀. Apá rẹ̀ gùn jù fún un díẹ̀. Télọ̀ fẹ́ ká a fún un, ó ní rárá, òun á dàgbà bá a. Ó so àpò iṣẹ́ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ó tan án, ẹńjìnnì rẹ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó dàbọ̀, Bàámi."

"Rọra gùn ún."

Ó lọ. Télọ̀ dúró títí kò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́. Ó wọlé, ó jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ki òwú sí abẹ́rẹ́.

Kò tíì tẹ ẹsẹ̀ sí i tí ẹnì kan fi ń lu ilẹ̀kùn bí ẹni tí ilé ń jó. Ọkùnrin kan ni, bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ ò bá ojú ihò mu, bàtà rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ kan. Irú wọn ti kan ilẹ̀kùn náà ní ìgbà mẹ́rin láti oṣù mẹ́sàn-án, àwọn tí wọn ò tíì gbọ́ pé Ìyá Agbẹ̀bí ti kú, ẹ̀ẹ̀mẹrin sì ni télọ̀ ti dúró níbẹ̀ tí kò rí ohun tí ó lè sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ni ọkùnrin náà wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "ilé ẹ̀bá odò ni, ìyàwó mi, omi ti dà. Agbẹ̀bí dà? Wọ́n ní ilé agbẹ̀bí nìyí."

"Ilé rẹ̀ ni," ni télọ̀ wí. Ó jáde dé ojú títì, ó na ọwọ́ sí ọ̀nà odò, níbi tí eruku ò tíì rọlẹ̀. "Ó ti gba ọ̀nà yín lọ. Ẹ sáré, ẹ ó bá a lójú ọ̀nà."